Orí Kẹfà: Ọjọ́ Mẹ́jọ Tó Wà Lọ́wọ́ Ilé

Ní ilẹ̀ Rẹ́mọ, bí obìnrin bá bímọ ní ọsibítù Ṣàgámù lọ́jọ́ Ajé, tí ewu ò sì sí fún ìyá àti ọmọ, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti ní kó máa lọ sílé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tàbí Ọjọ́rú. Ìyá àgbà ti ń dúró dè é pẹ̀lú omi gbígbóná. Láti ọjọ́ náà títí di ọjọ́ kẹjọ tí ọmọ yóò gba orúkọ, kò sí nọ́ọ̀sì nínú ilé, kò sí dókítà. Ìyá ọmọ, ìyá àgbà, bàbá ọmọ àti àwọn aládùúgbò tó wá kí wọn kú ewu ọmọ ni ojú wọn wà lára ìkókó.

Inú ọjọ́ wọ̀nyí gan-an ni ibà pọ́njú ọmọ tuntun ń dé. Ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta ló sábà máa ń yọjú, ọjọ́ kẹta sí ìkarùn-ún ló sì máa ń le jù lára ọmọ tí oṣù rẹ̀ pé. Ìgbà tí àlejò bá fi máa jókòó jẹun níbi ìsọmọlórúkọ, ohun tí yóò bà jẹ́ nínú ọpọlọ ọmọ lè ti bà jẹ́ kọjá àtúnṣe.

Àwọn dókítà ọmọdé ní Ilé Ìwòsàn Ìkọ́ṣẹ́ Ìṣègùn Yunifásítì Ọlábísí Ọ̀nàbánjọ ní Ṣàgámù mọ ọ̀rọ̀ yìí dunjú. Dókítà Tinúadé Ògúnlẹ́sì àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí rẹ̀. Ní 2007, wọ́n tẹ ìwádìí kan jáde tó da àkọsílẹ̀ Ṣàgámù pọ̀ mọ́ ti ọsibítù Wesley Guild ní Iléṣà, lórí àwọn ọmọ tí ibà pọ́njú ti wọ ọpọlọ wọn. Ní 2015, òmíràn tún jáde lórí ohun tí àwọn ìyá ní Ṣàgámù mọ̀ nípa àìsàn náà àti ìgbésẹ̀ tí wọ́n ń gbé bí wọ́n bá rí i. Ohun tí àwọn dókítà ọmọdé ní ilẹ̀ Yorùbá ń tẹnu mọ́ láti ọdún yìí wá kò yàtọ̀: ìtọ́jú wà, ṣùgbọ́n ọmọ ń pẹ́ nílé kí wọ́n tó gbé e dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ohun tí mo fẹ́ kí òǹkàwé dì mú nínú orí yìí kò ju ẹyọ kan lọ. Ilé ló ń kọ́kọ́ rí ibà pọ́njú. Nítorí náà, ìmọ̀ tó bá jókòó sí ọsibítù nìkan kò lè gba ọmọ là. Àfi kó wọ ilé, kó wọ ọ̀dọ̀ ìyá àgbà, ní èdè tí ilé ń sọ.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ

Nígbà tí ọmọ wà nínú, kì í mí fúnra rẹ̀. Ara ìyá rẹ̀ ló ti ń gba atẹ́gùn, nítorí náà ó nílò sẹ́ẹ̀lì pupa rẹpẹtẹ nínú ẹ̀jẹ̀ láti fi gbé ìwọ̀nba atẹ́gùn tó ń kàn án. Bí wọ́n bá ti bí i, tó ké, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í mí, kò nílò gbogbo sẹ́ẹ̀lì náà mọ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni sẹ́ẹ̀lì pupa ọmọ tuntun kì í pẹ́ láyé bíi ti àgbà: ti àgbà ń lo nǹkan bí 120 ọjọ́, ti ọmọ tuntun kò ju nǹkan bí 60 sí 90 ọjọ́ lọ. Bí sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí ti ń fọ́, ohun kan tó pọ́n rúsúrúsú ń jáde lára wọn. Bilirúbìn ni wọ́n ń pè é.

Ẹ̀dọ̀ ló ni iṣẹ́ àtikó bilirúbìn kúrò. Ó máa ń yí i padà di ohun tó lè bá ìgbẹ́ jáde. Nígbà oyún, ẹ̀dọ̀ ìyá ló ń ṣe iṣẹ́ náà fún ọmọ láti ọ̀nà ibi ọmọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá gé ìwọ́, ọrùn ẹ̀dọ̀ ọmọ nìkan ni gbogbo iṣẹ́ ń bọ́ sí, ẹ̀dọ̀ náà kò sì tíì gbó. Ẹ́ńsáìmù tó fi ń ṣiṣẹ́ yìí kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ti àgbà lọ lọ́jọ́ ìbí. Nítorí náà, bilirúbìn ń pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀, yóò ràn dé awọ ara àti funfun ojú.

Nínú ọmọ mẹ́wàá tí oṣù wọn pé, nǹkan bí mẹ́fà ni ojú wọn yóò pọ́n díẹ̀ nínú ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Nínú mẹ́wàá tí oṣù wọn kò pé, wọ́n tó mẹ́jọ. Ọ̀pọ̀ jù lọ ni yóò mọ́ fúnra rẹ̀, bí ẹ̀dọ̀ bá ti ń gbó, tí ọmọ sì ń mu ọyàn dáadáa. Ibí yìí ni ẹ̀tàn wà. Ìyá àgbà tó ti tọ́ ọmọ méje rántí pé ojú mẹ́rin nínú wọn pọ́n, ó sì mọ́. Òótọ́ ló ń sọ. Ṣùgbọ́n èyí tó le àti èyí tí kò le jọra lọ́jọ́ tó bá kọ́kọ́ yọjú, kò sì sí ẹni tó lè fi ojú lásán sọ iye bilirúbìn tó wà nínú ẹ̀jẹ̀.

Bí bilirúbìn bá pọ̀ jù, tó sì yá jù, yóò wọ ọpọlọ. Ọmọ náà yóò kọ́kọ́ máa sùn ju bó ṣe yẹ lọ, kò ní fa ọyàn dáadáa, ara rẹ̀ yóò rọ̀. Lẹ́yìn náà, igbe rẹ̀ yóò máa han gooro, ara rẹ̀ yóò le, ọrùn àti ẹ̀yìn rẹ̀ yóò tẹ̀ sẹ́yìn bí ọrun, gìrì lè mú un. Àwọn kan ń kú níbẹ̀. Ẹni tó bá yè é lè di ọmọ tí ọrùn rẹ̀ kò dúró, tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ń lọ́ fúnra wọn láìgba àṣẹ, tàbí tí etí rẹ̀ dí. Làákàyè irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè pé pérépéré. Ó ń gbọ́ ohun tí à ń sọ tàbí ó ń rí i, ó fẹ́ fèsì, ẹnu kò gbà fún un. Ìyà tí ìdílé ń jẹ nídìí ọmọ bẹ́ẹ̀ kò kéré, ó sì dunni jọjọ nítorí pé ó ṣeé dènà.

Ohun tó ń fà á tó fi ń le kò ju mélòó kan lọ. Ẹ̀jẹ̀ ìyá lè jẹ́ O kí ti ọmọ jẹ́ A tàbí B, kí àwọn ohun agbèjà ara tó wá láti ara ìyá máa fọ́ sẹ́ẹ̀lì ọmọ. Kòkòrò lè wọ ara ọmọ, pàápàá láti ojú ìwọ́. Oṣù ọmọ lè má pé. Orí rẹ̀ lè wú nígbà ìrọbí tí ẹ̀jẹ̀ sì dì síbẹ̀. Èyí tó kù ni ìdí kan tó so mọ́ àpótí aṣọ wa, ó sì yẹ ká tú u wò.

Àpótí ìyá àgbà

Ọmọ Yorùbá kì í fi aṣọ tó níyì ṣeré. Bí wọ́n bá ṣí àpótí ìyá àgbà ní Ìpẹru tàbí Òde Rẹ́mọ, wọn yóò bá aṣọ òkè tí wọ́n fi ṣe ìgbéyàwó níbẹ̀, àti ìró tí wọ́n fi pọn ìyá ọmọ tuntun yìí nígbà tóun náà wà ní kékeré, àti ìborùn funfun tí wọ́n fi gbé gbogbo ọmọ ilé jáde lọ́jọ́ ìkómọ. Láàárín aṣọ wọ̀nyí ni hóró funfun kékeré wà tí kò ní jẹ́ kí kòkòrò jẹ wọ́n. Kàfúrà ni, àwọn mìíràn ń pè é ní káńfọ̀. Bí àpótí bá ti ṣí, òórùn rẹ̀ yóò gba yàrá kan.

Òórùn yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Èyí tó pọ̀ nínú hóró tí wọ́n ń tà lọ́jà ni náfítálíìnì, ohun kan tí kì í yọ́ di omi kó tó di afẹ́fẹ́. Ó ń tinú aṣọ jáde díẹ̀díẹ̀, ọmọ ń fà á símú, awọ ara rẹ̀ náà sì ń mu ún, pàápàá bí wọ́n bá ti fi òróró pa á lára lẹ́yìn ìwẹ̀. Nínú ẹ̀jẹ̀, yóò kọlu sẹ́ẹ̀lì pupa. Sẹ́ẹ̀lì tó pé ní ohun tó fi ń gbèjà ara rẹ̀, ẹ́ńsáìmù kan tí wọ́n ń pè ní G6PD. Ẹni tí G6PD rẹ̀ kò tó kò ní ààbò yìí. Sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ yóò máa fọ́ wììrì, bilirúbìn yóò ya bo ẹ̀dọ̀ tí kò tíì gbó.

Àwọn tí G6PD wọn kò tó kì í ṣe ẹyọ ẹnì kan láàárín wa. Ní gúúsù ìwọ̀ oòrùn Nàìjíríà, nǹkan bí ọmọkùnrin kan nínú márùn-ún ni. Ara ìyá ni ọmọkùnrin ti ń gbà á, ìyá náà sì lè má mọ̀ pé òun ní in rárá, nítorí kì í sábà dà á láàmú. Kì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni, kì í sì í ṣe iṣẹ́ ayé tàbí èpè ìdílé. Ìbàdàn ni wọ́n ti rí ọ̀kan nínú ẹ̀rí tó lágbára jù lórí ibi tó ti wá. Lucio Luzzatto, onímọ̀ ẹ̀jẹ̀ ọmọ ilẹ̀ Ítálì tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ní àwọn ọdún 1960, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, wo ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọbìnrin tí ibà ń ṣe, tí wọ́n ní sẹ́ẹ̀lì tó pé àti èyí tí kò pé pa pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ kan ṣoṣo. Wọ́n rí i pé kòkòrò ibà pọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì tí G6PD rẹ̀ pé ju èyí tí kò pé lọ. Ọdún 1969 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ibà tó ń pa àwọn baba ńlá wa ló dá àwọn tó ní àbùkù yìí sí, táwọn náà fi bí wa. Ohun tó gbà wọ́n lọ́wọ́ ẹ̀fọn ló ń fi ọmọ wa hàn fún kàfúrà.

Ní 1989, Ọ̀jọ̀gbọ́n J. A. Owa ti Ilé-Ifẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde tó so okùn náà pọ̀ nílé wa níbí: àwọn ohun tí à ń lò fún ọmọ, àìtó G6PD, àti ibà pọ́njú. Láti ìgbà náà ni àwọn dókítà ọmọdé ti ń ké pé kí a yé fi kàfúrà sí aṣọ ọmọ. Àwọn orílẹ̀-èdè ìṣọ̀kan Yúróòpù fòfin de títa hóró náfítálíìnì ní 2008. Ní ọjà Awólọ́wọ̀ ní Ṣàgámù, ẹni tó bá fẹ́ ẹ yóò rí i rà.

Kò sí ẹni tó ní kí ìyá àgbà da ìborùn ìdílé nù. Ẹ fọ aṣọ ọmọ kí oyún tó pé, ẹ sá a sóòrùn dáadáa, ẹ kó o sínú ike tó ní ìdérí, kò sí ohun tí kòkòrò yóò ṣe fún un láàárín oṣù mẹ́ta. Aṣọ tó bá ti gbé inú kàfúrà, ẹ jẹ́ kí àgbà fi ṣọ̀ṣọ́ lọ́jọ́ ìkómọ, kó má kan ìkókó. Róòbù àti àwọn ìpara mìíràn tó ń ta ni lára kò sì yẹ ní ìwọ́ ọmọ. Oògùn ìwọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ni klọ́hẹ́sídìnì, ìpara inú rọ́bà kékeré. Ẹ bèèrè rẹ̀ ní ibùdó ìlera.

Oòrùn àárọ̀, omi ìbẹ́pẹ àti àgbo

Bí ojú ọmọ bá pọ́n, ohun àkọ́kọ́ tí ilé máa ń ṣe ni pé kí wọ́n gbé e sí oòrùn àárọ̀. Èyí kì í ṣe ìwà òmùgọ̀. Ní 1956, ní ọsibítù Rochford ní ìpínlẹ̀ Essex ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nọ́ọ̀sì àgbà kan, Sister Ward, máa ń gbé àwọn ọmọ jáde gba oòrùn. Lọ́jọ́ kan ó fi ọmọ kan han àwọn dókítà: ara rẹ̀ ti mọ́, àfi ibi tí aṣọ bò. Láìpẹ́ sí i, ìgò ẹ̀jẹ̀ kan tí wọ́n gbàgbé sí ojú oòrùn fi hàn pé bilirúbìn inú rẹ̀ ti dín kù. Nígbà tó di 1958, Dókítà Cremer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣe ẹ̀rọ iná àkọ́kọ́ fún ibà pọ́njú. Ìmọ́lẹ̀ búlúù ló ń ṣiṣẹ́ jù nínú gbogbo àwọ̀ ìmọ́lẹ̀. Ó ń yí bilirúbìn inú awọ padà sí ohun tó lè bá ìgbẹ́ àti ìtọ̀ jáde láìjẹ́ pé ẹ̀dọ̀ kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ lé e lórí.

Kí ló wá burú nínú oòrùn ẹ̀yìnkùlé? Ọmọ tí ibà pọ́njú rẹ̀ le nílò ìmọ́lẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, ní ìhòòhò. Oòrùn tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ yóò jó awọ rẹ̀, yóò sì mú ara rẹ̀ gbóná jù. Oòrùn ìṣẹ́jú mẹ́wàá pẹ̀lú aṣọ lára kò sì ṣe nǹkan kan ju pé ó ń fi ọkàn ilé balẹ̀ nígbà tí bilirúbìn ń ga sí i. Àwọn onímọ̀ wa wá ọgbọ́n sí i. Ní ọsibítù Island Maternity ní Èkó, Tina Slusher, Bọ́lájókò Olúsànyà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ta àgọ́ tí wọ́n fi rọ́bà pàtàkì kan bò. Rọ́bà náà ń dá ìmọ́lẹ̀ tó ń jó ni àti ooru púpọ̀ padà, ó ń jẹ́ kí búlúù wọlé. Ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2015 fi hàn pé ìtọ́jú náà ṣiṣẹ́ ní ìdá 93 nínú ọgọ́rùn-ún ọjọ́ tí wọ́n lò ó, nígbà tí ẹ̀rọ iná ṣiṣẹ́ ní ìdá 90. Fún ìlú tí iná mànàmáná kì í dúró, ìròyìn ayọ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì jókòó ti àwọn ọmọ náà, ó ń wọn ooru ara wọn, wọ́n sì ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò. Èyí ló mú un di ìtọ́jú.

Omi ìbẹ́pẹ, omi glúkóòsì àti àgbo ń fa ìpalára mìíràn: wọ́n ń gba àyè ọyàn nínú ikùn kékeré. Omi ọyàn àkọ́kọ́, èyí tó ki, tó sì pọ́n díẹ̀, ló ń ti ìgbẹ́ dúdú jáde, inú ìgbẹ́ náà sì ni bilirúbìn wà. Bí ìgbẹ́ bá pẹ́ nínú, ara yóò tún fa bilirúbìn padà. Ọyàn ní ìgbà mẹ́jọ sí méjìlá láàárín òru àti ọ̀sán ni oògùn tí ilé ní lọ́wọ́. Oògùn apakòkòrò tí wọ́n ń rà ní kẹ́míìsì kò lè kó bilirúbìn kúrò. Oògùn ibà kò lè kó o, bí ọ̀rọ̀ náà tilẹ̀ wà nínú orúkọ àìsàn yìí, nítorí ẹ̀fọn kò lọ́wọ́ sí i.

Bí ara ọmọ bá wá le, tí ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀, ilé a ní gìrì ni, àwọn kan a sáré lọ bu àgbo onítọ̀ màlúù tí wọ́n fi ewé tábà sí. Láàárín ọdún 1970 sí 1980, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn fi hàn pé àgbo yìí ń mú ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ gan-an, ó sì ń dá èémí dúró. Ọmọ tí bilirúbìn ti ń bá ọpọlọ rẹ̀ jà kò lè ru ẹrù méjì.

Bí a ṣe ń yẹ ọmọ wò

Àyẹ̀wò tí mo fẹ́ sọ yìí kò náni ní kọ́bọ̀. Láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, láti ọjọ́ kìíní títí di ọjọ́ kẹjọ, ẹ gbé ọmọ sún mọ́ fèrèsé tàbí ẹnu ọ̀nà níbi tí ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́ wà. Gílóòbù pupa a máa tanni jẹ. Ẹ fi ìka rọra fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ wálẹ̀, ẹ wo funfun ojú. Ẹ fi ìka tẹ ṣóńṣó imú tàbí iwájú orí fún ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹ gbé ìka kúrò, ẹ wo àwọ̀ ibi tí ẹ tẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ tó padà síbẹ̀. Ẹ la ẹnu rẹ̀, ẹ wo èrìgì. Ẹ wá wo àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀. Awọ dúdú wa ń bo ibà pọ́njú mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n funfun ojú, èrìgì àti àtẹ́lẹsẹ̀ kì í parọ́. Orí ni pípọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, ó sì ń sọ̀ kalẹ̀. Èyí tó bá ti dé àtẹ́lẹsẹ̀ ti le.

Ẹ má ṣe dúró dọ̀la bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú nǹkan wọ̀nyí: ojú ọmọ pọ́n láàárín wákàtí 24 àkọ́kọ́, pípọ́n náà ti dé ẹsẹ̀, ọmọ kò fa ọyàn, tàbí ẹ ń jí i kò jí, igbe rẹ̀ yí padà, ara rẹ̀ le tàbí ó rọ̀ jọ̀gbọ̀jọ̀gbọ̀, ara rẹ̀ gbóná tàbí ó tutù nini. Bí ó bá kọjá ọjọ́ mẹ́rìnlá tí ojú ṣì pọ́n, tàbí tí ìgbẹ́ rẹ̀ funfun bí ẹfun, ẹ gbé e lọ pẹ̀lú, nítorí ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀ lè níṣòro.

Èyí kan àwọn òṣìṣẹ́ ìlera náà. Nọ́ọ̀sì tó bá fi orúkọ òyìnbó bèèrè àìsàn yìí lọ́wọ́ ìyá yóò gbọ́ “rárá”, yóò kọ ọ́ sílẹ̀, yóò sì kọjá. Èyí tó bá bèèrè pé, “Màmá, ṣé ojú ọmọ yín pọ́n? Kí lẹ ti fún un mu? Ṣé kàfúrà wà nínú aṣọ rẹ̀?” yóò gbọ́ ìtàn. Ní Sábó Ṣàgámù, níbi tí àwọn Hausa oníṣòwò obì ti ń gbé láti ọjọ́ pípẹ́, shawara ni ìyá yóò pè é, ó sì yẹ kí ẹnì kan wà ní ibùdó ìlera tó lè bá a sọ ọ́ ní èdè rẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti dámọ̀ràn ní 2022 pé kí wọ́n fi ẹ̀rọ tí wọ́n ń gbé lé awọ ara wọn bilirúbìn gbogbo ọmọ kó tó kúrò ní ọsibítù. Títí ẹ̀rọ náà yóò fi dé gbogbo ibùdó ìlera wa, ìbéèrè tó yé ìyá ni ẹ̀rọ tí a ní.

Ọ̀nà tó lọ sí ọsibítù

Rẹ́mọ kò jìnnà sí ìtọ́jú bíi àwọn ibòmíràn. Ọsibítù ńlá wà ní Ṣàgámù, ti Yunifásítì Babcock wà ní Ìlíṣàn, òpópónà márosẹ̀ gba àárín ilẹ̀ wa kọjá. Síbẹ̀ ọmọ ń pẹ́ nílé, nítorí ojú títì nìkan kọ́ ni ọ̀nà.

Àkọ́kọ́ ni àṣẹ. Ìyá ìkókó kì í dá gbé ọmọ jáde kí ọjọ́ ìkómọ tó pé. Ìyá ọkọ ní láti gbọ́, bàbá ọmọ tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Èkó ní láti gbé fóònù. Mo bẹ gbogbo ìdílé kí wọ́n ti sọ ọ́ tán kí ọmọ tó dé pé: bí ojú bá pọ́n, kò sí ẹni tí a ń dúró dè.

Èkejì ni owó. Ìkẹ́nnẹ́ ni wọ́n ti bí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní 1909, ẹni tí ìjọba rẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn wo àwọn ọmọ tí kò tíì ju ọdún 18 lọ lọ́fẹ̀ẹ́ ní àwọn ọdún 1950. Ó yẹ kí ó jẹ́ ìtìjú fún wa bí owó àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ bá dá ìkókó dúró ní ẹnu ọ̀nà lónìí. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn ní ètò adójútòfò ìlera, ó sì gbé ètò Ìbídẹ̀rọ̀ kalẹ̀ fún àwọn aboyún. Ẹ forúkọ sílẹ̀ nígbà oyún, ẹ sì bèèrè níbẹ̀ ohun tó kan ọmọ tuntun.

Ẹ̀kẹta ni Orò. Àṣà wa ni, a kò sì ní kí ẹnikẹ́ni tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n lálẹ́ tí obìnrin kò gbọdọ̀ jáde, ìyá tí ọmọ rẹ̀ ń kú lọ yóò jókòó sílé de ojúmọ́. Àwọn ọba àti àwọn olórò wa lágbára láti yanjú èyí: kí wọ́n kéde ọjọ́ Orò fún ọsibítù ṣáájú, kí wọ́n yan àwọn ọkùnrin tí yóò máa gbé aláìsàn jáde, kí ọkọ̀ aláìsàn sì ní ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni kò ní dí. Orò tó ń dáàbò bo ìlú kò ní í binú sí ìkókó ìlú.

Ẹ̀kẹrin ni àwọn ìyá agbẹ̀bí àti ilé àbíyè inú ṣọ́ọ̀ṣì. Ìwádìí ìjọba ní 2018 sọ pé ìbí 39 péré nínú ọgọ́rùn-ún ló ń wáyé ní ilé ìwòsàn ní Nàìjíríà nígbà náà. Gúúsù ìwọ̀ oòrùn sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ọmọ wa ṣì ń bọ́ sọ́wọ́ agbẹ̀bí. Ẹni tí ìyá gbọ́kàn lé kò ṣeé tì sẹ́yìn. Ní Ìpínlẹ̀ Ògùn yìí kan náà, ní Àró ní Abẹ́òkúta, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lambo fi hàn láti 1954 pé dókítà àti oníṣègùn ìbílẹ̀ lè jọ ṣiṣẹ́ láìjà. Kí àwọn nọ́ọ̀sì wa fi àyẹ̀wò ojú, èrìgì àti àtẹ́lẹsẹ̀ yìí han àwọn agbẹ̀bí, kí wọ́n sì gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀ nígbà tí wọ́n bá gbé ọmọ wá, kí wọ́n má fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní kò ṣeé ṣe, kó rántí omi oníyọ̀ àti ṣúgà. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olíkóyè Ransome-Kútì jẹ́ mínísítà ìlera láti 1985 sí 1992, ìgbẹ́ gbuuru ń pa ọmọ wa bí ewé. Wọn kò dúró kí ìyá kọ́kọ́ mọ orúkọ oògùn. Wọ́n sọ ọ́ lórí rédíò àti ní ibùdó ìlera ní èdè ilé, pẹ̀lú ohun tó wà nínú ilé: omi ìgò bíà kan tàbí ìgò mínírà méjì, ṣíbí kékeré iyọ̀ kan, ṣíbí kékeré ṣúgà mẹ́wàá, gbogbo rẹ̀ ní ìwọ̀n pẹrẹsẹ. Àwọn ìyá tí kò kàwé pò ó, wọ́n kọ́ ọmọ wọn, àwọn ọmọ náà ṣì mọ̀ ọ́n lónìí. Bí odindi orílẹ̀-èdè bá lè kọ́ ìwọ̀n iyọ̀ àti ṣúgà, Rẹ́mọ lè kọ́ bí a ṣe ń wo ojú ìkókó ní ẹnu ọ̀nà láàárọ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá àgbà tó ń ka orí yìí tàbí tí wọ́n ń kà á fún: ẹ yọ kàfúrà kúrò nínú aṣọ ọmọ, ẹ fún un lọ́yàn nìkan, ẹ yẹ ojú rẹ̀ wò láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, bó bá pọ́n, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ sọ ọ́ fún aláboyún tó wà ní àdúgbò yín kí oṣù rẹ̀ tó pé.